Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ àti Ife Kọfí Márùn-ún

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá ìtọ́wò kọjá láàárọ̀ á rò pé àwọn àgbàlagbà kan ń du ọbẹ̀ gbígbóná mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Ṣùrùrù níhìn-ín, ṣùrùrù lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà nǹkan á já sínú abọ́ irin, tóó. Ìgbà tó bá yọjú wolé ló máa tó rí i pé kọfí ni wọ́n ń tọ́ wò, àti pé ojú wọn le bí ojú àwọn ọmọ bàbá tó ń pín ogún.

Ilé iṣẹ́ náà máa ń ra kọfí láti oríṣiríṣi ilẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í fún àwọn ilé ìtajà. Kí àpò kankan tó wọlé, àwọn tó jókòó yí tábìlì inú yàrá yẹn ká ni yóò kọ́kọ́ sọ bóyá ó yẹ ní gbígbà. Wọ́n á da omi gbígbóná lé kọfí lórí nínú ife, wọ́n á dúró kí ìfófòó rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí là á, wọ́n á tẹ imú sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á bu ẹ̀kún ṣíbí kan, wọ́n á fà á sẹ́nu pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, pẹ̀lú agbára, tí kọfí náà á fi fọ́n ká orí ahọ́n bí òjò winniwinni, tí òórùn rẹ̀ á gba ọ̀nà ọ̀fun gòkè lọ bá imú, kí wọ́n tó tu ú sínú abọ́ irin. Ẹni tí kò bá pariwo, ìdajì kọfí ló tọ́ wò.

Òfin kan wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹni ìkẹyìn á fi tutọ́. Ìyá Oníṣíbí, olórí wọn, sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan máa ń di adùn lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá ti dárúkọ ọsàn, gbogbo tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn ọsàn, títí kan ẹni tí imú rẹ̀ dí. Inú àpò aṣọ iṣẹ́ ìyá yìí ni ṣíbí fàdákà rẹ̀ ń gbé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí ọkọ rẹ̀ bá sọnù, ìyá á wá a dé ìwọ̀n tó yẹ, ṣùgbọ́n bí ṣíbí yẹn bá sọnù, ẹnikẹ́ni ò ní délé lọ́jọ́ náà.

Wọn kì í pe kọfí ní orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Ìnagijẹ ni wọ́n fún wọn, bí ẹni pé ará àdúgbò ni wọ́n. Èyí tó wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni Adájọ́: kò kan, kò ṣàṣejù, ó kàn wúwo lẹ́nu, ó ń rùn bí ẹ̀pà yíyan, gbogbo ènìyàn ló sì lè bá a jókòó. Èyí tó wá láti inú igbó tútù ni Bàbá Ọlọ́gbà, nítorí pé ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ti erékùṣù ni Atukọ̀. Èéfín wà lára rẹ̀, ata díẹ̀ wà níbẹ̀, àti nǹkan kan bí iyọ̀ tó máa ń kù sórí ètè. Méjì tó kù, orí òkè kan náà ni wọ́n ti wá. Èyí tó hù ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń yọ ni Ìyàwó, èyí tó hù ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń wọ̀ sí ni Àbúrò Ìyàwó. Àwọn méjèèjì fúyẹ́, àwọn méjèèjì kan díẹ̀, àwọn méjèèjì dùn. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ti wọ yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìjì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí àyè rín in.

Ìjì yìí ni ọ̀gá àwọn tó ń yan kọfí, ọkùnrin gíga tí apá rẹ̀ kún fún àpá iná. Ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń fa kọfí kò ní béèrè ẹni tó fún un lórúkọ.

Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ wá láti yàrá tí àwọn obìnrin ti ń ṣa hóró kọfí tó bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára. Ìdí hóró ló wà lọ́jọ́ tó gbé orí sókè, tó ní òórùn ń sọ fún òun pé ọ̀kan nínú àwọn àpò tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ti bu. Kò sí àpò kankan tí wọ́n tíì tú. Wọ́n tú wọn, wọ́n sì bá èbu nínú ẹ̀kẹta. Ìròyìn náà dé etí Ìyá Oníṣíbí, ó sì wá fúnra rẹ̀, ó mú ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ bí ẹni mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì jókòó tì í sídìí tábìlì ìtọ́wò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó gbé ṣíbí sẹ́nu, ó mu kọfí, ó tutọ́. Gbogbo yàrá ń dúró dè é. Wọn ò mọ̀ pé ó ti mu ún, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò dún rárá. Ìjì béèrè bóyá ó mu kọfí náà ni àbí ó kàn kí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ rèé, ohun tó ń fẹ́ jù láyé wà nídìí tábìlì yẹn. Nígbà tó ṣì ń ṣa hóró, ó máa ń wo àmì ara àpò, á máa ronú nípa òkè tí kò gùn rí àti etíkun tí kò tẹ̀ rí. Nínú ife, ó ń dé gbogbo ibẹ̀. Bí ó bá tẹ imú sí Bàbá Ọlọ́gbà, á ní ìrì ń kán sí òun lọ́rùn. Àwọn yòókù á ní ọmọ yìí ti lọ, ẹ jẹ́ ká dúró dè é.

Nígbà tí Ìyá Oníṣíbí kéde pé òun fẹ́ lọ sinmi, àga kan ṣófo. Ẹni méjì ló ń wò ó: Ìjì àti Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́. Ìdánwò náà ò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á gbé ife márùn-ún kalẹ̀, àmì wà lábẹ́ ìsàlẹ̀ wọn; ẹni tó bá dá gbogbo wọn mọ̀ ló ni àga. Bí ó bá jẹ́ Ìjì ló mókè, Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ á padà sídìí hóró, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ lásán ló ṣì jẹ́ nídìí tábìlì, kò sì sí àga mìíràn.

Gbogbo ìgbà tí Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ fi ń gbìyànjú, ó ń dá mẹ́ta mọ̀ láìṣe wàhálà. Bó bá wá kan àwọn ará orí òkè, á dàrú. Lórí ahọ́n rẹ̀, Ìyàwó àti Àbúrò Ìyàwó dà bí omi inú ìkòkò kan náà. Lọ́jọ́ kan tó tún gbé ọ̀kan fún èkejì, Ìyá Oníṣíbí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ahọ́n rẹ ò ṣàṣìṣe," ni ó sọ fún un. "Imú ló yẹ kó bá ọ yà wọ́n, ìwọ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ta ló kọ́ ọ pé kí ẹnu rẹ má dún?"

Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ó mọ ẹni tó kọ́ òun.

Ìyá rẹ̀ ti ṣe olórí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, kó tó di pé orúnkún rẹ̀ ní ó tó. Nínú yàrá méjì tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, aṣọ tábìlì kì í ní ìkákò, ṣíbí kì í kan eyín, wọ́n sì ń mu tíì bí ẹni tó ń tọ́jú àṣírí. Láti kékeré ni ìyá ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹnu tó bá máa dún nídìí oúnjẹ, ẹ̀yìnkùlé ni kó ti lọ jẹun pẹ̀lú ewúrẹ́. Ọmọ náà gbọ́, ó sì di ara.

Ní báyìí ó fẹ́ kó kúrò lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ balùwẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ife omi dání, ó ń fà á. Kò kọ́kọ́ dún bí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ń dún bí ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ìgbà míì omi á gba ibi tí kò yẹ, á máa húkọ́ sínú tówẹ́ẹ̀lì kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ páìpù.

Sátidé ni ọkùnrin náà wá, tòun ti àpò irinṣẹ́. Ó nà gbalaja, orí rẹ̀ wà lábẹ́ síǹkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tú gbogbo ohun tó ṣeé tú, bọ́tìnnì kan àti eyín kóòmù kan ló bá níbẹ̀.

"Màmá," ló wí, "páìpù yín yìí mọ́ ju ọ̀nà ọ̀fun tèmi lọ."

Màmá ò gbà. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dún, àwọn ò sì tíì ya adití. Oníṣẹ́ páìpù ní kí wọ́n ṣàlàyé bó ṣe ń dún, nítorí pé páìpù tó dí ní ohùn tirẹ̀, èyí tó ń jò ní tirẹ̀. Ó fi ẹnu ṣe ọ̀kan, ó kùn bí inú ẹni tí ebi ń pa. Màmá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe òmíràn, ó súfèé. Wọ́n ní ìyẹn dà bí ìkòkò tíì. Ó ṣe ìkẹta, Màmá sì ní ewúrẹ́ nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni, ewúrẹ́ kọ́ ló wà nínú síǹkì àwọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n nu ọwọ́ sí ápúrọ̀ọ̀nù, wọ́n ká ètè jọ, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Ṣùrùùùrù.

Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, ó sì já lójijì ní ìparí bí òwú tí wọ́n fi eyín gé. Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́, tó fara ti férémù ilẹ̀kùn, gbàgbé láti mí. Nínú yàrá ìtọ́wò, láàárín gbogbo àwọn tó ń fi ẹnu jẹun níbẹ̀, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìjì ò tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín ẹ̀rín yẹn ló sì ti jẹ́wọ́ pé òun ni páìpù náà.

Oníṣẹ́ páìpù kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọn ò tíì pe òun wá tún ọ̀fun ọmọ ènìyàn ṣe, àti pé òun ò ní gba nǹkan kan, bí wọ́n bá ṣáà ti lè jẹ́ kí òun rò ó fún ìyàwó òun.

Ó lọ.

"Màmá," ni ọmọ náà béèrè, "ta ló kọ́ yín?"

Ìyá rẹ̀ ń wo bọ́tìnnì tí wọ́n rí nínú páìpù.

"Bàbá mi."

Wọ́n wá rò ó, díẹ̀díẹ̀. Nílé bàbá wọn, báyẹn ni gbogbo ilé ṣe ń mu tíì. Bí ẹnìkan bá mu ún láìdún, bàbá á bi ẹni tó pò ó pé kí ló ṣe tí inú onítọ̀hún ò fi dùn. Nígbà tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ṣì kéré, wọ́n mu tíì nínú ilé ìdáná, wọ́n sì mu ún bí ọmọ bàbá wọn. Ilẹ̀kùn ò padé dáadáa. Àlejò kan gbọ́, ó sín wọn jẹ, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé àwo jáde sáàárín ẹ̀rín yẹn, wọ́n pín oúnjẹ, wọn ò sunkún. Ṣùgbọ́n wọ́n pa ẹnu náà dé. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ, wọ́n pa ti ọmọ dé pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí yóò fi rín in.

Ọmọ náà ṣàlàyé Ìyàwó àti Àbúrò Ìyàwó fún wọn, àti àga kan ṣoṣo tó wà. Ó tún ṣàlàyé ohun kan tó ti ń pa mọ́: ẹni tó bá fẹ́ gorí àga nílé iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ mú ẹni tó kọ́kọ́ fi ṣíbí sí i lẹ́nu nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ wá, kí onítọ̀hún jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Oníṣíbí gbà pé ẹnu téèyàn máa gbẹ́kẹ̀ lé, ó yẹ kéèyàn mọ ilé tó ti wá.

"Kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà mu kọfí náà?" ni Màmá béèrè.

"Kò sí, Màmá."

Màmá dìde, wọ́n lọ ń fọ àwọn ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn á wá, wọn ò sì sọ pé àwọn ò ní í wá.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n wá. Wọ́n wọ bùláòsì funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ọmọ wọn, ọwọ́ lórí itan, ẹ̀yìn wọn ò kan àga. Ìjì mú ìyá ìyá rẹ̀ wá, arúgbó kan tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́. Ìjì sọ fún gbogbo ayé pé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyá náà nìkan ló lè bá òun jẹun láti kékeré.

Ìjì ló kọ́kọ́ dìde. Ó fa Adájọ́, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Ó fa Atukọ̀, ìyá ìyá rẹ̀ pàápàá gbé orí sókè, ó béèrè ẹni tó ń pè é. Nígbà tó tutọ́ tán, ó lọ sọ orúkọ márààrún sí Ìyá Oníṣíbí létí, ó sì padà wá jókòó bí ẹni tí àga ti gbóná fún.

Ó kan Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ipò àwọn ife. Mẹ́ta ò fún un níṣòro. Òórùn nìkan ti sọ wọ́n fún un. Ẹ̀pà yíyan, ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, èéfín etíkun. Ó wá ku méjì. Ó bu ti àkọ́kọ́, ó mu ún jẹ́jẹ́. Ó bu ti èkejì, ó mu ún jẹ́jẹ́. Omi inú ìkòkò kan náà ni. Ó ń gbọ́ bí bùláòsì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ ṣe ń dún díẹ̀ lẹ́yìn òun bí ìyá rẹ̀ bá mí. Ó mọ̀ pé bí òun bá fa kọfí yìí bó ṣe yẹ, gbogbo gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì yẹn á tún pàtẹ́wọ́ lórí ìyá òun. Bí òun ò bá sì fà á, òun á padà lọ ṣa hóró. Ọwọ́ rẹ̀ gbé ṣíbí dúró lókè, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Wọn ò lè bá a sọ̀rọ̀. Òfin ò gbà.

Nígbà náà ni nǹkan dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùrùùùrù.

Kò sí kọfí nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, ó sì já bí òwú. Gbogbo orí yípo. Màmá jókòó gbọọrọ, wọ́n ń wo iwájú bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣe é. Ìjì la ẹnu, ó gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kò ní kí wọ́n má mí.

Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ ká ètè jọ. Ó fa kọfí náà láti ìsàlẹ̀ ikùn, bí ẹni tó ń fa ilẹ̀kùn tó ti há fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ariwo náà kọlu ògiri ó padà wá. Ilẹ̀kùn sì ṣí: òdòdó ọsàn gba ọ̀fun rẹ̀ gòkè, funfun, tútù, ti kùtùkùtù tí oòrùn ò tíì fọwọ́ kàn án. Ó tutọ́, ó fa ti èkejì. Oyin ni, oyin dúdú, àti èso tó gbóná sára igi títí dìrọ̀lẹ́. Báwo ni òun ṣe ń ṣì wọ́n mú tẹ́lẹ̀? Wọn ò jọra rárá. Ọ̀kan jí láàárọ̀, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtisùn. Ó dúró sórí òkè náà fún ìṣẹ́jú kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un pé kó padà wá.

Ó lọ sọ orúkọ márùn-ún sétí Ìyá Oníṣíbí.

Ìyá Oníṣíbí gbé àwọn ife sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àmì ìsàlẹ̀ wọn hàn. Ó ní Ìjì gba mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó wọ yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ọkọ tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, Ìjì náà rín in, ó gbé ọwọ́ sórí. Ìyá ní Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́ gba márààrún. Ó fa àga sẹ́yìn fún un, ó sì ní kó jókòó. Ọmọbìnrin náà jókòó, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ṣíbí fàdákà.

"Àga ni mo fún ọ," ni Ìyá Oníṣíbí wí. "Wá ṣíbí tìrẹ rà."

Ìjì ti kúrò níwájú tábìlì. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú ìyá Ẹlẹ́nu Jẹ́jẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bẹ́ẹ ṣe gé e ní ìparí yẹn. Màmá ní kó dìde, pé kò sí ohun tó wà níbẹ̀, ilé bàbá ẹni ni. Wọ́n bu kọfí Ìyàwó fún wọn. Màmá wò ó, wọ́n wo ọmọ wọn tó wà lórí àga, wọ́n sì fà á níwájú gbogbo ènìyàn. Gbogbo yàrá ń dúró kí Màmá tutọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Màmá gbé e mì.

"Òdòdó ọsàn," ni wọ́n wí. "Nílé tiwa, a kì í tu nǹkan tó dára dànù."

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún wọn lọ́jọ́ náà, Màmá dìde gbà á. Wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àlejò pàtàkì.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àti ọmọ jókòó sídìí tábìlì wọn, aṣọ tábìlì ò ní ìkákò, ife méjì wà níwájú wọn, Ìyàwó nínú ọ̀kan, Àbúrò Ìyàwó nínú èkejì. Wọ́n ń pààrọ̀ wọn, wọ́n ń fà á, wọ́n ń jiyàn lórí oyin. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń gbé ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn ni, ó ní kí wọ́n máà bínú o, àmọ́ ó jọ pé páìpù wọn tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣé kí òun bá wọn pe oníṣẹ́?

"Páìpù wa ò ní nǹkan kan," ni Màmá dáhùn, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn gbayawu fún un. "Àwa ni. Ẹ wọlé, ẹ wá mu tiyín."